Oníbéèrè àti Èrò Ilé Ìwòsàn

Iṣẹ́ ìbéèrè ni obìnrin yìí ń ṣe jẹun. Kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe agbẹjọ́rò. Ó ń ti ilé dé ilé ni. Ó ń béèrè bóyá omi ń yọ, ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí, ìdí tí ọmọ wọn kò fi lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ Ajé. Ohun tí wọ́n bá sọ ló ń kọ sínú fọ́ọ̀mù. Á kó fọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì ìwádìí, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ á jókòó tì í, wọ́n á sọ ohun tó yẹ kí ìjọba ìlú ṣe. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Oníbéèrè ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọmọdé kan rò pé orúkọ àbísọ rẹ̀ nìyẹn.

Bàtà méjì ló ní fún iṣẹ́ náà, ọ̀kan fún erùpẹ̀ gbígbẹ, ọ̀kan fún ẹrẹ̀. Ó ní ọ̀nà tó ń gbà kan ilẹ̀kùn. Kì í gbá a bí ọlọ́pàá, kì í sì í ha á bí ológbò. Bí wọ́n bá ṣí i, á kí wọn, á kí ọmọ, á béèrè aláìsàn bó bá wà, kó tó mú bírò jáde. Ó ti rí i pé ẹni tó bá rí bírò ṣáájú ìkíni máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé ẹjọ́. Bí ajá bá wà nínú ọgbà, ojú fèrèsé ni wọ́n ti jọ máa sọ̀rọ̀. Ajá ti bù ú jẹ rí. Ó parí ìbéèrè ilé náà kó tó wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ń tún fìríìjì ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ilé. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín sínú ni. Ó ní bí ìyàwó òun bá béèrè ibi tí òun ti ń bọ̀, òun máa ń kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá bírò wà níbẹ̀. Ìyá Oníbéèrè ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nínú yàrá tó kọjú sí títì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá màmá náà fínra, orúnkún rẹ̀ kò sì gbà kó gun ohunkóhun tó ga ju ìloro lọ. Ẹnu rẹ̀ nìkan ló kù tí kò ní àìsàn.

Nílé ìwòsàn àdúgbò, Ìyá Àkọ́kọ́ ni wọ́n ń pe màmá yìí, nítorí pé òun ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ oyè náà, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun pín in.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì ìwádìí. Kò sí òṣìṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ bi ará ilé rẹ̀ ní ìbéèrè iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá bi ìyá rẹ̀ léèrè, ohun tí ìyá fẹ́ kó gbọ́ ni yóò gbọ́. Oníbéèrè fara mọ́ òfin yìí dáadáa. Bó bá délé, kì í béèrè ju bóyá màmá ti lo oògùn. Màmá kì í sì í dáhùn ju pé òun ti lò ó.

Ọ̀ràn ilé ìwòsàn náà ló wá fẹ́ da gbogbo nǹkan rú. Ilé kékeré ni, wọ́n fi ọ̀dà búlúù kun ògiri rẹ̀ dé ìdajì. Dókítà méjì ló wà níbẹ̀. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó kọjú sí títì tí bọ́ọ̀sì ń gbà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, bẹ́ńṣì á ti kún. Kí dókítà tó dé, ìlà á ti kọjá iwájú oníbúrẹ́dì, á ti dé ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó ń jó irin. Ẹlòmíràn á dá kú lórí ìdúró. Ẹlòmíràn á máa jà nítorí àyè. Nọ́ọ̀sì àgbà á pariwo títí ohùn rẹ̀ á fi há. Bó bá wá di ọ̀sán, kò ní sí ẹnìkan níbẹ̀ mọ́. Àwọn dókítà á jókòó, wọ́n á máa wo ara wọn.

Ìjọba ìlú gbìyànjú. Wọ́n kó àga wá sí iwájú ilé, àga sì pe àwọn tí kì í tètè wá tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa pín nọ́ńbà ní géètì, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú àkùkọ nítorí nọ́ńbà. Wọ́n ní kí oníkálùkù máa fi fóònù gba àkókò tirẹ̀. Wọ́n gbà á. Ẹni tí wọ́n fún ní aago mọ́kànlá ṣì ń dé ní ìdájí. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló ń wá. Ó ní òun kàn ní kí òun wá wo bó ṣe ń lọ ni.

Ó sú ìgbìmọ̀ ìlú. Wọ́n ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìwádìí pé kí wọ́n ṣe ìwádìí kan sí i. Bí èrò náà kò bá dín kù kí ọdún tó parí, àwọn yóò ti ilé ìwòsàn náà pa, kí gbogbo àdúgbò máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó wà lódìkejì afárá. Bọ́ọ̀sì méjì ni ènìyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Ọ̀gá ọ́fíìsì ka ìwé náà sétí gbogbo wọn. Àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì àti orúnkún ìyá rẹ̀ ni Oníbéèrè ń rò. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, màmá kò ní fojú kan dókítà mọ́ àyàfi bí wọ́n bá ń gbé e. Màmá kì í sì í gbà kí wọ́n gbé òun.

Ó kó fọ́ọ̀mù, ó lọ síbi ìlà. Ìbéèrè tó ṣáájú nínú fọ́ọ̀mù náà ni, "Kí ni èrò yín nípa ilé ìwòsàn yìí?" Ọ̀gá ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró láti ìdájí, tí ẹni iwájú ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tí ẹni ẹ̀yìn ń mí sí i lọ́rùn, bó bá gbọ́ "èrò", kì í ṣe èyí tó wà nínú orí ló máa wá sí i lọ́kàn. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ pé èrò pọ̀. Àwọn kan ní ó ti pọ̀ jù. Bàbá kan tó fi ọ̀pá tilẹ̀ wo Oníbéèrè bíi pé orí rẹ̀ kò pé.

"Èrò tèmi kẹ̀? Èmi nìkan ni mo wá."

Oníbéèrè kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, torí bí wọ́n ṣe ní kó máa ṣe é nìyẹn. Nígbà tí ọ̀gá kà á, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "A ní kí ẹ béèrè èrò wọn, ẹ lọ ń ka èrò fún wa."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

Àsìkò yìí ni yunifásítì yá ọ́fíìsì wọn ní olùkọ́ kan. Ọ̀mọ̀wé ni gbogbo wọn ń pè é. Ọ̀dọ́bìnrin ni, Oníbéèrè lè bí i lọ́mọ. Ó ń wọ awò ojú ńlá, ẹ̀pà kì í kúrò lápò rẹ̀, ó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ ohun tó díjú ló kọ́. Oníbéèrè ní kó là á yé òun. Ọ̀mọ̀wé ní ṣé ó ti rí ọ̀nà tóóró tó dá pápá kọjá, tí kò sí ìjọba tó là á? Ẹnìkan ló kọ́kọ́ tẹ koríko. Ẹnìkejì rí ibi tí koríko ti tẹ̀, ó gbabẹ̀. Ẹnìkẹta rí i pé ó ti ń di ọ̀nà. Kò sí ẹni tó ní òun fẹ́ la ọ̀nà, ọ̀nà sì là. Bí ẹnìkan bá wá gbé òkúta dí i, ọ̀nà mìíràn á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Ó ní bí ọ̀pọ̀ ọ̀ràn ìlú ṣe rí nìyẹn, àti pé ẹni tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí oníkálùkù ń wò kó tó gbé ẹsẹ̀.

Oníbéèrè ní ọ̀rọ̀ náà kò díjú tó bí orúkọ rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀mọ̀wé ní kó má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní yunifásítì.

Ọ̀gá kò fẹ́ ọ̀nà pápá. Okùnfà kan ṣoṣo ló ń wá, èyí tí yóò fi síwájú ìgbìmọ̀, nítorí pé àwọn yẹn kì í ṣí ojú ewé kejì. Ọ̀mọ̀wé fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn.

"Kò sí okùn kan níbẹ̀, sà. Àwọ̀n ni. Ibi tí ẹ bá fà, ibòmíràn á sún kì."

Ó kó fọ́ọ̀mù Oníbéèrè, ó ń kà á, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó débi ti bàbá tó fi ọ̀pá tilẹ̀, ó gbé ẹ̀pà sílẹ̀.  Ó wá béèrè bóyá ẹnìkankan wà nínú wọn tó sọ pé òun náà wà lára èrò. Oníbéèrè ronú sí i. Kò sí. Gbogbo wọn ló ń ráhùn èrò, àwọn yòókù sì ni èrò lójú oníkálùkù. Ọ̀mọ̀wé ní fọ́ọ̀mù náà kò bàjẹ́ rárá, òótọ́ ló sọ láìmọ̀. Èrò inú orí ló ń kó èrò jọ sí ìta. Oníkálùkù ń dùbúlẹ̀ sílé, ó ń rò ó pé àwọn yòókù á ti lọ, ó dìde. Àwọn yòókù ń dìde nítorí pé wọ́n rò ó pé òun ti dìde. Nítorí náà, kí wọ́n má bi ẹnikẹ́ni mọ́ pé kí ló dé tó fi tètè wá. Kí wọ́n bi í pé kí ló rí, tàbí kí ló gbọ́, kó tó jáde nílé.

Ìbéèrè yẹn wọ Oníbéèrè lára. Ó padà síbi ìlà, ó sì ń gbádùn ara rẹ̀. Ọkùnrin kan máa ń wọ bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ lọ síbi iṣẹ́, bó bá ti rí i pé wọ́n ti jókòó sí bẹ́ńṣì, á pe ìyàwó rẹ̀ tó lóyún pé kó máa bọ̀. Ìyàwó á kan ògiri aládùúgbò. Aládùúgbò ní ẹ̀gbọ́n tí ẹsẹ̀ ń dùn, á pe ìyẹn náà. Oníbúrẹ́dì máa ń tan iná ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nítorí àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì, ẹni tó bá sì rí iná oníbúrẹ́dì lókèèrè á ní ilẹ̀ ti mọ́ bá òun. Ọ̀mọ̀wé lẹ ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Oníbéèrè ń sọ, òun ń fa ọfà láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan sí ẹni tí onítọ̀hún wò. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó dà bí irun tí wọn kò yà. Ṣùgbọ́n gbogbo ọfà náà, níbikíbi tó gbà, ìdí bẹ́ńṣì ló ń parí sí.

Ọ̀mọ̀wé fi bírò kan ibẹ̀. Ó béèrè àwọn tó ń kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Oníbéèrè ní àwọn màmá bíi mélòó kan ni. Ọ̀mọ̀wé ní àwọn yẹn náà ńkọ́, ta ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó jáde? Oníbéèrè tún gèlè rẹ̀ wé.

"Èmi ò lè bi wọ́n. Òfin ni. Ọ̀kan nínú wọn ló bí mi."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín títí ẹ̀pà fi há a lọ́fun. Ó ní kò burú, òun á lọ fúnra òun. Ó lọ. Àwọn màmá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n sún fún un lórí bẹ́ńṣì, wọ́n bu búrẹ́dì fún un, wọ́n béèrè bóyá ó ti lọ́kọ, wọ́n ní awò rẹ̀ yẹ ẹ́. Gbogbo ohun tó béèrè, wọ́n ní a dúpẹ́. Ilé ìwòsàn ńkọ́? A dúpẹ́. Ìdúró ńkọ́? A dúpẹ́. Nígbà tó dé ọ́fíìsì, àdúrà ló kún fọ́ọ̀mù rẹ̀.

Oníbéèrè ló wá dá àbá. Ó ní bó bá jẹ́ pé ilẹ̀kùn ló pẹ́ kó tó ṣí, kí wọ́n máa ṣí i ní aago méje. Ọ̀gá gbà, nọ́ọ̀sì àgbà náà gbà, tòun ti ìbínú. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ mélòó kan, àwọn màmá ti fi tiwọn náà ṣíwájú. Bí wọ́n ṣe ṣíwájú, oníbúrẹ́dì ṣíwájú, ọkọ aláboyún rí wọn nínú òkùnkùn, ìlà sì tún dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Nọ́ọ̀sì àgbà wá sí ọ́fíìsì ìwádìí. Ó ní òun wá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó dá àbá náà, kí wọ́n fi onítọ̀hún han òun. Oníbéèrè wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù títí ó fi lọ.

Ọdún ń lọ sópin. Ọ̀gá ní bí wọn kò bá rí nǹkan ṣe lọ́sẹ̀ yẹn, òun á kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ pé kí wọ́n ti ilé ìwòsàn náà. Oníbéèrè kò lè jẹun ọ̀sán. Ọ̀mọ̀wé jókòó tì í.

"Mà, ẹni tó ń tètè dé nítorí ilẹ̀kùn, bí ilẹ̀kùn bá tètè ṣí, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Àwọn màmá yìí ń sá fún ilẹ̀kùn ni. Ẹ lọ bi ìyá yín."

"Òfin ńkọ́?"

"Ẹ má gbé fọ́ọ̀mù dání. Kò sí òfin tó ní kí ọmọ má bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn oúnjẹ, màmá ki ẹsẹ̀ bọ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nínú yàrá rẹ̀. Oníbéèrè wọlé, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó kí i. Ó kí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wá béèrè ohun tí màmá máa ń rí kó tó jáde láàárọ̀.

Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìbéèrè fọ́ọ̀mù nìyẹn."

"Kò sí fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi, Màámi."

"Ó wà lẹ́nu rẹ."

Ẹnìkan wúkọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù fìríìjì. Oníbéèrè mọ̀ pé ikọ́ kọ́ ni. Ó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ jáde nínú omi, ó ń fi tówẹ́ẹ̀lì nù ún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé wọ́n fẹ́ ti ilé ìwòsàn pa, pé ó di òdìkejì afárá, pé bọ́ọ̀sì méjì ni. Màmá gbọ́ ọ tán.  Ó gbé ẹsẹ̀ kejì fún un.

Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọmọ òun bá ti wọ bàtà jáde láàárọ̀, tí ọkọ rẹ̀ bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, ilé náà máa ń dákẹ́ títí òun á fi máa gbọ́ ohùn fìríìjì. Kò sẹ́ni tó ṣẹ òun. Ó kàn dákẹ́ ni. Lórí bẹ́ńṣì, wọ́n mọ ẹsẹ̀ tó ń dun òun. Ọ̀kan nínú wọn kò ríran mọ́, òun ló máa ń gba àyè sílẹ̀ fún un kí wọ́n má bàa tì í ṣubú. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, wọ́n á pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á sì já. Nítorí náà, bí wọ́n bá ṣí i ní kùtùkùtù, àfi kí àwọn náà tètè dé. Àbí ìgbà wo làwọn fẹ́ sọ̀rọ̀?

"Dókítà ń wo ẹ̀jẹ̀ mi," ni màmá sọ. "Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì ló ń wo èmi."

Oníbéèrè mú tówẹ́ẹ̀lì dání. Ó ti bi gbogbo ìlú léèrè bí wọ́n ṣe jí. Kò tíì bi ìyá rẹ̀ léèrè ìdí tó fi ń tètè jí. Ojú tì í díẹ̀, àmọ́ kò jókòó ti ìtìjú. Ó ní kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má jókòó, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wọn bó ṣe wù wọ́n. Ibi tí wọ́n jókòó sí ni. Wọ́n kọjú sí títì, gbogbo ayé sì ń wò wọ́n dìde. Bí wọ́n bá lè gbé bẹ́ńṣì náà lọ sẹ́yìn ilé ìwòsàn, lábẹ́ igi, kò ní sẹ́ni tó máa rí wọn látinú bọ́ọ̀sì.

Màmá fa ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà. Ó ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì ń sá aṣọ sí? Kí wọ́n wá máa pe òun ní Ìyá Ẹ̀yìnkùlé? Ó ní kí Oníbéèrè bá òun da omi nù bó bá ń jáde lọ. Títí tó fi lọ sùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Ọkọ Oníbéèrè bá a gbé oúnjẹ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó gbé e padà. Ó ní ìbéèrè ìyàwó òun ti wá burú débi pé àwọn tí kò dáhùn náà ń ṣàìsàn.

Oníbéèrè mọ̀ pé bí ìyá òun kò bá kúrò níbẹ̀, àwọn yòókù kò ní kúrò. Ó sùn lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sun oorun gidi. Ó ti pinnu pé òun á sọ fún Ọ̀mọ̀wé pé ó ti bàjẹ́. Bó ṣe ń wá bàtà ẹrẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, màmá yọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, báàgì ilé ìwòsàn ń bẹ lápá rẹ̀.

Ó ní bẹ́ńṣì yẹn gan-an làwọn fẹ́, òun kò jókòó sórí àga rọ́bà. Kí wọ́n ká aṣọ nọ́ọ̀sì kúrò lójú àwọn. Kí ẹnìkan máa wá pe àwọn bó bá kàn wọ́n, kó má pariwo, àwọn kì í ṣe adití. Ó ti yí padà tán kó tó rántí ọ̀kan sí i.

"Ìwọ náà á máa wá jókòó tì wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Má mú bírò wá."

Nígbà tí wọ́n sọ fún ọ̀gá, ó béèrè pé ṣé bẹ́ńṣì ni òun yóò wá gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìlú. Ọ̀mọ̀wé ní rárá, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni. Wẹ́dà àti ọkọ Oníbéèrè ló gbé e. Àwọn màmá tẹ̀lé wọn, wọ́n ń pàṣẹ: kí wọ́n yí i sápá òsì, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan òkúta. Ìyá Àkọ́kọ́ ló fi bó ṣe máa kọjú hàn wọ́n. Wọ́n dá ilẹ̀kùn padà sí aago mẹ́jọ, kí ọ̀rọ̀ má bàa máa já.

Ní ọjọ́ kìíní, kò sí ìyàtọ̀ kan pàtó. Àwọn ènìyàn ṣì dé, wọ́n bá iwájú ilé lófìfo, wọ́n rò pé wọ́n ti ti ibẹ̀ pa. Àwọn kan kan ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ọkọ aláboyún yọjú láti inú bọ́ọ̀sì, ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó padà sùn, kò sẹ́nìkan níbẹ̀. Ìyẹn kò kan ògiri ẹnikẹ́ni. Oníbúrẹ́dì tan iná, kò rí oníbàárà, ó pa á. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó gbé àwo búrẹ́dì lọ sẹ́yìn ilé. Díẹ̀díẹ̀, ẹni aago mọ́kànlá bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní aago mọ́kànlá. Ó ń yà wọ́n lẹ́nu pé àwọn bá àga.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìlà tún padà. Wẹ́dà wá tún géètì ṣe ní ìdájí, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó síwájú ilé, wọ́n ń mu tíì kí iná tó dé. Kí wọ́n tó mu ún tán, ìlà ti tò sẹ́yìn wọn. Obìnrin kan tilẹ̀ ń bi wẹ́dà pé aago mélòó ni wọ́n fún un. Ọ̀mọ̀wé gbọ́, ó fò sókè, inú rẹ̀ dùn bíi pé ó bímọ, torí ìlà náà jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ ọ̀nà pápá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ní kí wẹ́dà lọ máa mu tíì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ìlú wá wò ó kí ọdún tó parí. Wọn kò kéde pé àwọn ń bọ̀. Wọ́n bá ìlà kúkurú, wọ́n bá dókítà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án. Wọ́n wọ inú yàrá, wọ́n jáde, wọ́n ní àwọn kò ti ibẹ̀ pa mọ́. Oníbéèrè wà lẹ́yìn géètì nígbà tí wọ́n sọ ọ́.  Ọ̀kan nínú wọn ní ó dára, kí wọ́n gbé gbogbo bẹ́ńṣì tó wà nílé ìwòsàn ìlú lọ sẹ́yìn ilé. Ọ̀mọ̀wé bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣe é, pé ibi kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀n tirẹ̀, kí wọ́n lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà níbẹ̀ ná. Ó ní òun gbọ́. Wọ́n gbé ti ibì kan. Lọ́jọ́ kejì, àwọn aláìsàn ibẹ̀ ti gbé e padà síwájú fúnra wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Oníbéèrè délé, ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga pálọ̀. Ara màmá yá. Ó ń sọ ti ọmọkùnrin màmá tí kò ríran náà, tó fẹ́ ra ilé, tí ìyàwó rẹ̀ ní òun kò lọ. Ó sọ ọ́ dé ibi tó dùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe ilé náà. Oníbéèrè jẹ́ kó parí. Ó wá béèrè ohun tí dókítà sọ nípa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Màmá ṣẹ́jú. Ó ní wọ́n pe òun lóòótọ́. Òun ní kí wọ́n mú ẹni tó kàn, kí òun parí ọ̀rọ̀. Wọ́n tún pe òun. Ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ó ronú sí i, ó wo báàgì rẹ̀, bíi pé dókítà wà nínú rẹ̀.

"N kò wọlé," ni ó sọ.

Oníbéèrè mú fóònù, ó pe ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n fún màmá òun láyè. Wọ́n ní àfi ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá. Màmá ní kò burú, òun á lọ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n òun ṣì máa yọjú síbi bẹ́ńṣì láàárọ̀ ọ̀la.